Bàbá tí kì í mu omi

Láàárín oṣù mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n gbé bàbá yìí lọ sí ọsibítù. Lákọ̀ọ́kọ́, ó ṣubú lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, ibà ni, pẹ̀lú kòkòrò nínú ìtọ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó jí lóru, kò mọ ibi tó wà mọ́, ó ń wá ọmọ rẹ̀ ọkùnrin lábẹ́ tábìlì ìjẹun. Ọmọ ọ̀hún ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún, California ló ń gbé. Ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ohun kan náà ni dókítà kọ: omi ti gbẹ lára rẹ̀. Wọ́n á fa omi sí i lára, ojú rẹ̀ á wálẹ̀, á máa dáhùn ọ̀rọ̀ bó ṣe yẹ, wọ́n á ní kó máa lọ sílé. Kò ní ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ, a tún ti padà síbẹ̀.

Èmi ni mò ń tọ́jú rẹ̀ lọ́sàn-án. Iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà nínú ilé ni mò ń ṣe ní Houston, ní Texas. Ẹni tó bá mọ àdúgbò Alief mọ̀ pé àwa àti àwọn ará Vietnam la jọ kún ibẹ̀. Ojú ọ̀nà Bissonnet la ti ń ra èlùbọ́ àti ata rodo. Tí o bá wakọ̀ díẹ̀ lọ sí Bellaire, èdè tiwọn ló wà lára gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Ọdún 2017 ni wọ́n rán mi sílé bàbá náà. Ará Vietnam ni, ẹni ọdún 79, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń bá gbé. Ọmọ náà ló ní kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, nítorí ó dá a lójú pé àwọn bàbá bẹ́ẹ̀ pọ̀. Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, mo sì ti yí àwọn nǹkan kéékèèké kan padà.

Ọ̀rọ̀ orúkọ kò tilẹ̀ nira láàárín wa. Àwọn náà kì í pe àgbà lórúkọ. Kò sẹ́ni tí wọn kì í fi ipò ẹbí pè, bó jẹ́ oníbàárà, bó jẹ́ awakọ̀ takisí: ẹ̀gbọ́n, àbúrò, bàbá àgbà. Àwọn ará gúúsù Vietnam, “Ba” ni wọ́n ń pe bàbá wọn. Ọjọ́ kìíní tí mo wọlé tí mo kúnlẹ̀ díẹ̀, tí mo ní “Ẹ káàárọ̀, Bàbá,” ó wo ọmọ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ta ló kọ́ obìnrin yìí. Láti ọjọ́ náà, “con” ló ń pè mí, ìyẹn ọmọ. Ọmọ rẹ̀ ń pè mí ní “chị”, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin.

Àṣìṣe mi ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ. Ní gbogbo àárọ̀, mo máa ń gbé ife omi kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀, màá tún gbé òmíràn lọ́sàn-án. Tí mo bá padà dé, ife ti ṣófo. Màá kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ mi pé ó mu ún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni mo fi kọ irọ́ yẹn láìmọ̀. Dókítà ń ka ìwé mi, ó rí i pé bàbá ń mu omi dáadáa, ó wá ń wá àìsàn mìíràn kiri: wọ́n yẹ kíndìnrín rẹ̀ wò, wọ́n yẹ ìtọ̀ ṣúgà wò, wọ́n dín oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú un tọ̀ kù. Kò sí èyí tó ṣiṣẹ́.

Ọjọ́ tí mo ń gbá abẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ni mo rí rọ́bà omi. Mo rò pé ẹyọ kan ló yí síbẹ̀. Mo dojú bolẹ̀, mo wò ó: wọ́n tò ó ní ìlà mẹ́rin-mẹ́rin, láti ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì dé ìdí ògiri, ó lé ní ogójì. Ó ti dé gbogbo rẹ̀ le dáadáa. Kò sí omi tí mo gbé fún un tí kò sí níbẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà náà ni mo wá ń ṣọ́ ọ. Tó bá fẹ́ lo oògùn, á bu omi sínú ìdérí rọ́bà, èyí tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ yẹn, á fi gbé oògùn mì. Ìdérí kan fún hóró kan. Á fi ìka ọmọńdinrín nu inú ìdérí náà, á fi ìka sẹ́nu.

Ọmọ rẹ̀ dá gbogbo omi náà nù lọ́jọ́ yẹn. Inú ló bí i, kò ṣeé dá lẹ́bi. Ó ní, “Ba, a kò sí nínú ọkọ̀ ojú omi mọ́.” Bàbá kò fèsì. Ọjọ́ méjì ni kò fi sùn, ó jókòó létí bẹ́ẹ̀dì, ó gbé ọwọ́ sórí orúnkún. Ní òru kẹta ló bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọmọ rẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Bí a ṣe dé ọsibítù lẹ́ẹ̀kẹta nìyẹn.

Níbẹ̀ ni ohun kan ti ṣẹlẹ̀ tí mi ò lè gbàgbé. Ògbufọ̀ wà lórí fóònù. Dókítà ṣàlàyé pé omi ti tán lára bàbá, ògbufọ̀ sọ ọ́ lédè wọn, bàbá sì bú sẹ́rìn-ín, ó rín in títí tó fi ń wúkọ́. Ó sọ̀rọ̀ kúkúrú kan. Ògbufọ̀ ní: “Ó ní òun mọ̀, pé láti 1975 ni.” Dókítà wo nọ́ọ̀sì, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé orí aláìsàn kò tíì pé. Inú mọ́tò ni ọmọ rẹ̀ ti là mí lóye. Lédè Vietnam, “nước” ni omi. “Nước” náà ni orílẹ̀-èdè. Tí wọ́n bá ní “mất nước”, ó lè jẹ́ pé omi gbẹ lára ènìyàn, ó lè jẹ́ pé ó pàdánù ìlú rẹ̀. Orí bàbá pé ju tiwa lọ. Ẹ̀fẹ̀ ló ń ṣe.

Ìlú tó pàdánù náà ni Gúúsù Vietnam. Ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún 1975 ni ọmọ ogun Àríwá Vietnam wọ Saigon, olú ìlú rẹ̀. Ọ̀gá kékeré ni bàbá nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun gúúsù, ẹni ọdún 37, ó ní ìyàwó, ọmọkùnrin ọdún 12 àti ọmọbìnrin ọdún méjì. Ní oṣù Kẹfà, ìjọba tuntun pàṣẹ pé kí àwọn ọ̀gá ológun wá fara hàn fún ohun tí wọ́n pè ní “học tập cải tạo”, ẹ̀kọ́ àtúntò. Wọ́n ní kí àwọn ọ̀gá kékeré mú owó oúnjẹ ọjọ́ mẹ́wàá lọ́wọ́. Ìyàwó rẹ̀ ka ṣẹ́ẹ̀tì fún un, ó di í sínú àpò. Ọdún mẹ́ta ló lò nínú àgọ́ náà, ó ń wa ilẹ̀, ó ń gé igi, ó ń jẹ ẹ̀gẹ́. Àwọn kan lò ju ọdún mẹ́wàá lọ.

Àárín ọdún 1978 ló padà dé. Kò rí iṣẹ́ gbà, nítorí orúkọ rẹ̀ ti bàjẹ́ lọ́dọ̀ ìjọba. Ẹ̀bá ọ̀nà ni ìyàwó rẹ̀ ti ń ta ọbẹ̀ pẹ̀lú “bún”, oúnjẹ tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn tí wọ́n fi ìrẹsì ṣe. Ní ìparí ọdún yẹn, Vietnam gbógun wọ Kàmbódíà, wọ́n sì ń kó àwọn ọ̀dọ́kùnrin lọ síbẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti pé ọdún 15. Ọdún mẹ́ta péré ló kù kí wọ́n tó kó òun náà lọ.

Wúrà ni àwọn ọlọ́kọ̀ tó ń gbé ènìyàn sá jáde lójú òkun ń gbà. Owó ìwé ti di yẹpẹ. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1975, ìjọba pààrọ̀ owó, wọ́n ní kí ẹni tó ní 500 àtijọ́ wá gba ẹyọ kan tuntun. Ẹni tó bá ti tọ́jú wúrà sábẹ́ ilẹ̀ nìkan ló lè dúnàádúrà. Wúrà tí ìyàwó bàbá rì mọ́ ìdí igi jakíìfúrùtù lẹ́yìnkùlé tó fún ẹni méjì. Wọn kò tó fún ẹni mẹ́rin. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1979, bàbá mú ọmọkùnrin, ó fi ìyá àti ọmọbìnrin sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bá yín ṣírò rẹ̀. Ọmọbìnrin náà jẹ́ ọmọ ọdún méjì nígbà tí bàbá rẹ̀ wọ àgọ́. Ó pé márùn-ún kí ó tó jáde. Kò pé ọdún kan lẹ́yìn náà, bàbá tún lọ. Ọdún 1991 ni wọ́n tún fojú kan ara wọn, ní pápákọ̀ òfuurufú Houston, ọmọ ti di ẹni ọdún 18. Ó ní òun wo ọkùnrin tó dúró níbẹ̀ pẹ̀lú òdòdó lọ́wọ́, òun bi ìyá òun léèrè bóyá òun náà ni. Láti ìgbà náà títí dé ọdún tí mo wọlé wọn, ó bọ̀wọ̀ fún bàbá rẹ̀, ó tọ́jú rẹ̀, ó wẹ̀ fún un, ó sìnkú ìyá rẹ̀ ní 2011. Ṣùgbọ́n ó sọ fún mi nínú kíṣìnnì lọ́jọ́ kan, ó ń gé àlùbọ́sà: “Ẹ̀gbọ́n mi ló yàn. Ọkùnrin ni. Mo mọ̀, mo ti gbà bẹ́ẹ̀.” Ẹni tó ti gbà kì í gé àlùbọ́sà bẹ́ẹ̀ yẹn.

Ohun tó yí ọ̀rọ̀ padà ni ìjì Harvey. Ní ìparí oṣù Kẹjọ ọdún 2017, òjò ọjọ́ mẹ́rin rọ̀ lé Houston lórí. Níbòmíràn ó ju mítà kan lọ. Ilé wọn ni mo wà nígbà tí omi gba títì, mi ò lè padà sílé mi. Àwọn ṣọ́ọ̀bù tì. Kò sí rọ́bà omi mímu níbikíbi, àwọn èèyàn sì ń bẹ̀rù pé omi ẹ̀rọ á bàjẹ́. Bàbá dìde kúrò lórí àga rẹ̀, ó wọ yàrá, ó padà dé pẹ̀lú rọ́bà mẹ́rin lápá. Ó ti tún un kó jọ. Ọmọ rẹ̀ wò mí, mo wò ó, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀.

Ó ní kí a ṣílẹ̀kùn. Ìyá ará Ẹ̀gbá kan tó ń gbé lókè wa sọ̀ kalẹ̀ wá, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ rẹ̀ méjì, àti ọkùnrin ará Mẹ́síkò kan láti ilé kejì. Bàbá pín omi náà fúnra rẹ̀. Ó dúró lórí ẹsẹ̀ tó ti ń gbọ̀n, ó ń wo ọ̀nà ọ̀fun ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ó wo ọmọ kékeré títí ó fi mu ún tán. Ó wo èmi náà. “Uống đi, con,” ó ní: mu ún, ọmọ. Ìgbà tí gbogbo ife ṣófo tán ló jókòó, ó bu omi kún ife tirẹ̀, ó gbé e mu, kò gbé e kalẹ̀ títí ó fi rí ìdí rẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni mo ti wà nílé yẹn, mi ò rí i rí kó mu tó bẹ́ẹ̀.

Ìyá ará Ẹ̀gbá ní, “Omi kò lọ́tàá, bàbá, ẹ ṣé.” Mo ní kí n túmọ̀ rẹ̀, mo tún fẹnu sílẹ̀. Mo ti ń rò ó pé bàbá yìí ti rí ọjọ́ tí omi jẹ́ ọ̀tá.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni a pe ọmọkùnrin rẹ̀ ní California. Fóònù wà lórí tábìlì, ohùn rẹ̀ jáde sí gbangba, bàbá ti sùn. Mo sọ ohun tí mo rí. Ọmọ náà dákẹ́ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo rò pé fóònù ti já. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀.

Ó ní ọkọ̀ odò lásán ni wọ́n wọ̀ ní Rạch Giá, ìlú etíkun kan ní gúúsù Vietnam, èyí tí wọ́n fi ń kó ẹja, ènìyàn tó lé ní ọgọ́ta ló wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ rẹ̀ kú ní ọjọ́ kejì, láàárín agbami Tháílàndì. Láti ọjọ́ kẹta, ìdérí rọ́bà ni wọ́n fi ń pín omi, ẹnì kan, ìdérí kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́. Bàbá á gba tirẹ̀, á gbé e sẹ́nu, gògóńgò rẹ̀ á lọ sókè sódò bíi ti ẹni tó ń gbé nǹkan mì. Lẹ́yìn náà, tí ilẹ̀ bá ṣú, á fa orí ọmọ mọ́ra, á sì da omi náà láti ẹnu ara rẹ̀ sí ọmọ lẹ́nu. Ọmọ ọdún 16 ni òun nígbà yẹn, ó ní ìtìjú mú òun, ṣùgbọ́n òun mu ún. Òun kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, àní ìyàwó òun.

Àbúrò rẹ̀ ní, kí ló dé tí bàbá kò mú gbogbo wa lọ.

Ó ní: “Àwọn ọlọ́ṣà òkun wọ ọkọ̀ wa lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà kejì, wọ́n kó àwọn ọmọbìnrin lọ. Ọ̀kan ò ju ìwọ lọ púpọ̀. Ba ti gbọ́ kí a tó kúrò nílé pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe. Òun àti Má, ìyá wa, jọ pinnu rẹ̀. Má ló ní òun ò ní jẹ́ kí wọ́n gbé ọ sórí òkun.”

Mo dìde, mo lọ fọ àwọn ife tí kò dọ̀tí.

Èyí tó kù nínú ìrìn àjò náà, ọ̀pọ̀ ìdílé ló ní irú rẹ̀. Láàárín 1975 sí 1995, àwọn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 800,000 ló fi ọkọ̀ ojú omi sá kúrò ní Vietnam tí wọ́n gúnlẹ̀ láàyè. Iye àwọn tí òkun gbé, kò sẹ́ni tó kà á. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ kan fún irú wọn tó ju ti òyìnbó lọ: ogúnléndé. Ogun ló lé wọn dé. Pulau Bidong ni bàbá àti ọmọ gúnlẹ̀ sí, erékùṣù Màlésíà kan tí kò fẹ̀ ju nǹkan bíi kìlómítà kan níbùú lóròó lọ, tí nǹkan bí 40,000 ènìyàn fún mọ́ra lórí rẹ̀ ní àárín ọdún 1979. Ọkọ̀ ló ń gbé omi wá fún wọn láti etíkun Màlésíà, wọ́n sì ń tò fún un. Oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n lò níbẹ̀ kí ìjọ kan ní Texas tó ṣe onígbọ̀wọ́ wọn, ní ìbẹ̀rẹ̀ 1980.

Bàbá ti búra pé òun ò tún wọ òkun mọ́. Iṣẹ́ tó rí kò ju ti edé lọ, ní Seabrook, lẹ́bàá Galveston Bay, nínú ọkọ̀ ará ìlú rẹ̀. Ó wọ òkun. Ọdún tó tẹ̀lé e ni Ku Klux Klan, ẹgbẹ́ àwọn aláwọ̀ funfun tó kórìíra ẹ̀yà mìíràn, dìde sí àwọn apẹdé Vietnam: wọ́n dáná sun ọkọ̀ níbi ìpàdé wọn, wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi rìn káàkiri pẹ̀lú ìbọn àti aṣọ funfun, wọ́n so ère ènìyàn rọ̀ sórí rẹ̀. Àwọn apẹdé gbé wọn lọ sílé ẹjọ́. Adájọ́ tó gbọ́ ẹjọ́ náà ni Gabrielle Kirk McDonald, obìnrin aláwọ̀ dúdú. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1981, ó pàṣẹ kí Klan jáwọ́. Bàbá mọ orúkọ obìnrin yẹn títí dòní. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, ó bi ọmọ rẹ̀ bóyá ẹbí rẹ̀ ni mí.

Nígbà tó kúrò nídìí edé, ó ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ irin títí owó epo fi já wálẹ̀ tí wọ́n lé wọn, ó wá ń gbá ọ́fíìsì lóru. Ní gbogbo ìgbà yẹn, àpótí ló ń fi ránṣẹ́ sílé: aṣọ, oògùn, nǹkan tí ìyàwó rẹ̀ lè tà lọ́jà Saigon. Amẹ́ríkà kò bá Vietnam ṣòwò títí di 1994, nítorí náà àpótí mìíràn gba Kánádà kọjá. Ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin báyìí, ìwé ọmọ ilé ìwé, eteetí rẹ̀ ti jẹ. Mo rí ojú ewé kan: ọjọ́, iye gígùn aṣọ, iye káàdì oògùn, àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, iye wákàtí tó fi ṣiṣẹ́ kí owó rẹ̀ tó pé. Ọmọ rẹ̀ rántí aṣọ aláwọ̀ ewé kan tí ìyá rẹ̀ kọ̀ láti tà. Wákàtí 38 ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ìdí tó fi gba ọdún 12 kí wọ́n tó pàdé kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ètò kan wà láti 1979 tó jẹ́ kí àwọn ẹbí fi ọkọ̀ òfuurufú jáde lọ́nà òfin, ṣùgbọ́n orúkọ ènìyàn gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé ìjọba Vietnam kó sì tún wà nínú ti Amẹ́ríkà, ìwé méjèèjì kì í sì í bára mu. Ní 1986, Vietnam dá ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fún àwọn tó ń lọ sí Amẹ́ríkà dúró pátápátá. 1987 ni wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó wà níwájú nínú ìlà padà sẹ́yìn.

Ní ti ìtọ́jú, ohun tí a ṣe rọrùn tó bẹ́ẹ̀ tí ojú tì mí láti kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́. A fi rọ́bà omi rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Gbogbo oṣù, a máa ń pààrọ̀ omi inú wọn, òun fúnra rẹ̀ ló ń dé wọn. A kò tún gbé ife omi kan ṣoṣo kalẹ̀ fún un mọ́. Ife tíì méjì tàbí mẹ́ta la máa ń gbé wá. Èmi á kọ́kọ́ mu tèmi, màá dojú ife dé kó rí i. Tirẹ̀ ló kẹ́yìn. Mo kọ ọ́ fún dókítà pẹ̀lú àlàyé àṣìṣe mi, ó sì pè mí, ó ní kí n máa ka ife nígbà tí mo bá rí ọ̀fun, kì í ṣe nígbà tí mo bá rí ife òfìfo. Àgbàlagbà kì í tètè mọ òùngbẹ lára, ó ní, ẹni tó sì ti kọ́ ara rẹ̀ láti má mọ̀ ọ́n, tirẹ̀ tún burú. Láti oṣù Kẹsàn-án títí mo fi kúrò lọ́dọ̀ wọn ní ọdún tó tẹ̀lé e, kò wọ ọsibítù mọ́.

Ìṣòro kan ṣẹ́ kù. Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, kì í mu, bó ti wù kí èmi àti ọmọ rẹ̀ mu tó. Á máa wo ilẹ̀kùn. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló mòye rẹ̀: ọjọ́ Àìkú ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa ń pè. Ó gbé fóònù lé orí ìkòkò tíì, ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jáde láti California. Ó ní kó wá omi. Ọkùnrin náà lọ sí kíṣìnnì rẹ̀, a gbọ́ bó ṣe ń ṣí fíríìjì, ó padà dé pẹ̀lú ife, ó mu ún, ó dojú rẹ̀ dé níwájú fóònù. Ẹ̀kán omi kan já bọ́ sára dígí.

Bàbá nawọ́ sí ife tirẹ̀. Mo kọ ọ́ sínú ìwé lálẹ́ ọjọ́ yẹn: ago mẹ́fà, mo rí gbogbo rẹ̀.